Òpó Tó Gbé Igi Anisah Ró

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìjì jà ní Thamesmead nílẹ̀ òyìnbó láti ìdájí títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó wó ọgbà onípákó ilé mẹ́ta ní òpópónà kan ṣoṣo, ó sì ti igi tó wà lẹ́yìn ilé Idiat títí igi náà fi fì sí apá kíṣìnì. Kò wó. Ó kàn fì ni, bí àgbàlagbà tó fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń tẹ́tí.

Idiat ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Plumstead ló ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì kò sì rìn dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ogójì ìṣẹ́jú ló fi ẹsẹ̀ rìn. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi rí igi náà láti ojú fèrèsé. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú bí ẹni tó di ọmọ tó fẹ́ já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì mú. Inú òjò ló dúró sí títí Bashiru ọkọ rẹ̀ fi jí.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ó ti fì."

"Kí ló fì?"

"Ẹ ò rí i ni? Igi ọmọ yìí ti fì."

Bashiru wo igi náà, ó wo ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ó sì gbójú kúrò kíákíá. "Wọlé," ló wí, "òtútù á mú ẹ."

Igi náà kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Ó ga tó ọkùnrin kan tó na ọwọ́ sókè. Irun pupa rúsúrúsú ló bo ìtí rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ọrùn, ewé rẹ̀ sì fọ́n jáde lórí bí imọ̀ ọ̀pẹ, àmọ́ wọ́n rọ̀ ju imọ̀ ọ̀pẹ lọ. Bí ewé tuntun bá fẹ́ yọ, kíká ló máa ń kọ́kọ́ ká jọ, tòun ti irun lára, bí ẹ̀ṣẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Àwọn òyìnbó ń pè é ní tree fern. Igi onírun ni Idiat ń pè é nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó dé ilé náà ní ọdún 2007. Bàbá òyìnbó tó ń gbé ilé kejì, Kenneth, ló gbìn ín fún àbúrò rẹ̀ obìnrin tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Kenneth fi ṣe iṣẹ́ ọgbà kó tó fẹ̀yìn tì.

Ọ̀nà tí igi onírun fi di igi ọmọ nìyí. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2010, Idiat bí ọmọbìnrin kan ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́bàá Woolwich Common. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wá oyún. Ìwọ́ ọmọ náà já ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, tó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọ́ ní Anisah. Ní ilé bàbá Idiat ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọn kì í jẹ́ kí ìwọ́ tó já sun ilé. Bàbá ọmọ ló máa ń gbé e lọ sí ìdí igi tó lágbára, á sin ín síbẹ̀, igi náà á sì di ti ọmọ. Ìdí ọ̀pẹ ni ti Idiat wà. Ìdí obì ni ti Kabirat ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Thamesmead kò ní ọ̀pẹ, kò ní obì. Igi onírun ló jọ ọ̀pẹ jù níbẹ̀. Idiat fi òwú wé ìwọ́ náà, ó fi sínú agolo róòbù kan tó ti fọ̀ mọ́, ó sì gbé e lé Bashiru lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kó tó lọ wa bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí Bashiru dé, Idiat bi í pé, "Ṣé ẹ ti sin ín?"

"Mo ti sin ín."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kan náà, Anisah sun oorun ọ̀sán, kò sì jí. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló lò láyé. Ibi tí wọ́n sin ín sí jìnnà, bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni. Kabirat wá kó àwọn aṣọ rẹ̀ lọ sí ilé tirẹ̀ ní Barnfield, kò sì sọ ohun tó fi wọ́n ṣe, Idiat náà kò béèrè. Oyún mìíràn kò dé. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pe ẹnì kejì rẹ̀ ní Ìyá Anisah tàbí Bàbá Anisah nínú ilé yẹn. Gbogbo ohun tí Idiat ní tó jẹ́ ti ara ọmọ náà wà lábẹ́ igi onírun. Ìdí nìyẹn tó fi dì í mú nínú òjò.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé ìjì náà, Kenneth yọjú lórí ọgbà onípákó. Kabirat wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí àga kíṣìnì tó gbé síta, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Idi!" ni Kenneth pè. Kò lè pe Idiat pé.

"Ẹ gbọ́ o," ni Kabirat wí. "Nínú gbogbo ẹ̀yà ara, ìdí nìkan ló rí pè."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ó ń gbọ́."

"Kí ló ń gbọ́? Ṣé Ìjẹ̀bú ló ti wá ni?"

Kenneth rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́. Ó ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ igi náà kò le. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn. Òun àti Bashiru yóò wà á jáde, wọn yóò gbẹ́ kòtò náà jìn sí i, wọn yóò gbé e padà sínú rẹ̀ ní òró, wọn yóò sì tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn. Wákàtí méjì péré ni. Igi náà kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé wọ́n gbé òun.

"Rárá," ni Idiat wí. "Wọn ò ní wà á."

"Kí ló dé, love?"

Idiat ti kọ́ gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ alẹ́ ní Woolwich fún ọdún méjì. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí báńkì àti bí wọ́n ṣe ń bá dókítà sọ̀rọ̀. Wọn kò kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń sọ èyí.

"Mi ò fẹ́ ni," ló wí.

Bashiru, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbẹ́nu sí i. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Idiat, jẹ́ ká wà á. Baba yìí mọ iṣẹ́ ẹ̀."

Idiat yíjú sí i. "Ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ ara yín sin ín?"

"Mo kàn ní..."

"Bashiru," ni Kabirat wí, ó sì gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ, "ìwọ́ ọmọ kì í ṣe iṣu. Wọn kì í wà á jáde kí wọ́n wò ó bóyá ó ti ta."

Bashiru bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa èèpo ẹ̀pà náà nílẹ̀.

Nígbà tí wọn kò ní wà á, ó kù kí wọ́n gbé e ró. Idiat mọ bí wọ́n ṣe ń gbé igi ró. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé, bí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá sì ti wúwo tí igi fẹ́ dojú bolẹ̀, wọ́n á gé igi tó là sí méjì lókè, wọ́n á fi ibi tó là yẹn gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́rùn, wọ́n á ri ẹsẹ̀ igi náà mọ́lẹ̀. Kenneth fún wọn ní ẹ̀ka kan tó là bẹ́ẹ̀. Idiat wọ inú ilé, ó mú ọ̀já aláwọ̀ ewé kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, ọ̀já tí wọ́n fi pọn Anisah ní ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ó fi wé ẹnu òpó náà kó má baà ha igi lára. Bashiru gbé òpó náà dúró, kò sì wo ọ̀já yẹn rárá.

"Gbé e wá sísàlẹ̀," ni Kenneth wí. "Kó má kan ọrùn rẹ̀. Kì í ṣe bànáná o. Bí wọ́n bá gé bànáná lórí, ọmọ rẹ̀ á hù nídìí. Èyí kì í ní ọmọ nídìí. Gbòǹgbò ni gbogbo ìtí yẹn, orí nìkan ló ti ń hu ewé. Bí orí yẹn bá bàjẹ́, ó parí."

Idiat sọ nínú ọkàn ara rẹ̀ pé èyí ní ọmọ nídìí. Ó fi òpó náà sí ọrùn, níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń fi í sí.

Ilẹ̀ Thamesmead, àbàtà ni kí wọ́n tó kọ́lé sí i. Òpó náà ń wọlẹ̀. Ní ọdún 2014, ó wọlẹ̀ ní ìbú ìka méjì. Idiat fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ní 2015, ìka mẹ́rin. Bí òpó ṣe ń wọlẹ̀ ni igi ń sún mọ́ ilé. Kenneth bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ṣáà sún òpó náà kúrò lọ́rùn igi, kí wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Idiat pé bí wọ́n bá yọ òpó náà, igi á wó kí wọ́n tó dá a padà, ìdí rẹ̀ á sì ṣí. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ewé àkọ́kọ́ kan gíláàsì fèrèsé kíṣìnì.

Láti ìgbà náà, bí ó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, Idiat á máa gbọ́ ọ. Kì í ṣe ariwo. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ bá fi èékánná ha ara aṣọ ìyá rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, tí aṣọ tí wọ́n sá sílé Kenneth kò mì, ìgbà yẹn gan-an ni ewé á ha gíláàsì: ẹ̀ẹ̀kan, á sinmi, ẹ̀ẹ̀mejì. Idiat á fi abọ́ sílẹ̀ nínú omi. "Mo ń bọ̀," á wí. Ìgbà mìíràn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń bá ara rẹ̀, ilẹ̀kùn á ti ṣí, omi ẹ̀rọ á ṣì máa dà nínú kíṣìnì, kò sì ní rántí pé òun rìn débẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá kékeré, yàrá tí bẹ́ẹ̀dì ọmọ wà nígbà kan, ó sì rí fọ́nrán irun pupa rúsúrúsú mẹ́ta lórí ìrọ̀rí. Fèrèsé yàrá náà kò tíì ṣí láti ìgbà òtútù. Ó kó irun náà, ó gbé e lọ sí ìdí igi, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìtí rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó sọ ọ́ fún Kabirat lórí fóònù.

"Ó fẹ́ wọlé ni," ló wí. "Òtútù ló ń mú un níta."

"Idiat. Igi ni o. I-gi."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má wà á."

"Mo ní kẹ́ ẹ má wà á. Mi ò ní kó o máa dá a lóhùn."

Bashiru kò jẹun ní kíṣìnì mọ́. Yóò gbé abọ́ rẹ̀ lọ sí iwájú tẹlifíṣọ̀n, yóò kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ó ra bíláìnì tí wọ́n fi ń bo fèrèsé, ó kàn án mọ́ ti kíṣìnì náà. Idiat ń ká a sókè, Bashiru ń fà á sílẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló tún bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n wà á, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, lẹ́yìn tó kí ìrun Àsárì tán, lórí ẹní níbẹ̀.

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Jẹ́ ká gbé igi yìí dúró dáadáa."

"Kí ló fà á tí ẹ fi ń kánjú láti hú u jáde? Ṣé kò ṣe yín bíi pé ọmọ yín ni?"

Bashiru káwọ́ lérí. Ó dìde, ó ká ẹní.

Yìnyín já bọ́ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2018. Idiat ti fi koríko gbígbẹ àti àpò ìdọ̀họ wé igi náà, bí Kenneth ṣe kọ́ ọ, àmọ́ yìnyín yẹn ju ohun tí koríko lè gbà lọ. Gbogbo ọjọ́ náà ló ń jáde lọ fi ìgbálẹ̀ gbọ̀n ọ́n kúrò lórí ewé. Ní ọjọ́ Alàmísì, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí kíṣìnì, ó sì rí ojú ọ̀run nínú fèrèsé. Láti ọdún kan àti ààbọ̀, ewé nìkan ló ti ń rí níbẹ̀.

Igi náà ti dùbúlẹ̀ sórí yìnyín, orí rẹ̀ kan ògiri ilé. Òpó wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀, ó ti jẹ wọnú ọrùn náà tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ọ̀já aláwọ̀ ewé sì ti jẹrà mọ́ ibi egbò náà. Gbòǹgbò ti fà tu. Kòtò dúdú kan ló ṣí sílẹ̀ láàárín funfun.

Idiat kò kígbe. Ó kúnlẹ̀ sínú kòtò náà tòun ti aṣọ orun. Agolo irin kì í jẹrà tán lọ́dún mẹ́jọ. Yóò wà níbẹ̀, yóò mú un, yóò gbé e wọlé kúrò nínú òtútù. Ṣíbí ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ń wá a, nígbà tó ṣe, ó jù ú nù, ó ń fi ìka wá a. Ó fọ́ ilẹ̀ náà wẹ́wẹ́ kúrò lára gbòǹgbò. Ó rí ìkarahun ìgbín kan. Ó rí àfọ́kù abọ́ aláwọ̀ búlúù. Ó rí ìdérí ìgò. Ó wa ilẹ̀ títí apá rẹ̀ fi wọlẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, tí omi àbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde.

"Ìyá Anisah."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọdún mẹ́jọ ni etí rẹ̀ kò ti gbọ́ orúkọ yẹn. Bashiru ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́, kò wọ bàtà.

"Dìde níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀."

"Ẹ mú ṣọ́bìrì wá. Ó ti wọlẹ̀ jìn ni."

"Mi ò sin ín síbẹ̀. Mi ò sin ín síbì kankan."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó ń sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ti há a sórí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó ti ń pẹ́, aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú ló yẹ kó wà lórí bọ́ọ̀sì, ilẹ̀ sì le. Ó ní òun yóò sin ín bí òun bá dé. Ó fi agolo náà sí àpò kóòtù. Nígbà tó parí iṣẹ́, ó fi ọwọ́ bọ àpò, kò bá a. Ó wá gbogbo abẹ́ àga bọ́ọ̀sì náà. Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kó tó di pé àlejò dé. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ti gbálẹ̀.

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ ti sin ín."

"Mo fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ ìdí igi kó o lè rí i pé wọ́n wa ibẹ̀. Mo ní màá sọ fún ẹ lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ. Ó wá..." Ó di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú. "Ọjọ́ kẹtàdínlógún sí ìgbà yẹn, ó wá kú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Mo rò pé òun ló fà á. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀."

Idiat wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lábẹ́ èékánná méjì.

"Àpò wo?" ló bi í.

"Hẹn?"

"Àpò kóòtù wo? Ọ̀tún tàbí òsì?"

"Ọ̀tún. Mi ò mọ̀ pé ó ti já nísàlẹ̀."

Idiat nu ọwọ́ náà mọ́ aṣọ orun.

"Èmi mọ̀," ló wí. "Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ni mo rí i. Mo ní màá rán an."

Kenneth gba ẹnu géètì wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin nígbà náà. Kò béèrè ohun tó gbé obìnrin sínú kòtò. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ó ya koríko lórí rẹ̀, ó fi ìka tẹ àárín gbùngbùn ibi tí ewé ti ń yọ, ó sì gbóòórùn ìka náà.

"Bóyá," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká gbìn ín wò."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Bashiru wa kòtò náà jìn sí i, wọ́n yọ òpó, wọ́n sì gbé igi náà dúró ní òró. Kò gbà ju wákàtí méjì lọ. Idiat ló dì í mú títí wọ́n fi tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn tán. Ó dúró gbọnrangandan, ó kọjú sí ọ̀run, kò sì kan ilé mọ́.

Láàárọ̀ láàárọ̀ ni Idiat ń bu omi sí i lórí, ife kan, láti oṣù kẹrin. Oṣù karùn-ún dé, igi onírun ti Kenneth tó wà lódìkejì ọgbà yọ ewé méje. Èyí kò yọ. Ní ìrọ̀lẹ́, Idiat á pa omi ẹ̀rọ, á sì tẹ́tí. Bashiru ti padà máa ń jókòó jẹun ní kíṣìnì. Òun náà á dá oúnjẹ dúró lẹ́nu, wọ́n á jọ tẹ́tí. Kò sí nǹkan kan tó ha gíláàsì.

"Ìwọ náà gbọ́ ọ nígbà yẹn?" ni Idiat bi í lọ́jọ́ kan, kò sì mọ̀ pé òun kò pè é ní ẹ̀yin mọ́.

"Lójoojúmọ́," ni Bashiru wí.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje, Kenneth tún fi ìka tẹ orí igi náà, ìka rẹ̀ sì rì wọlé dé ìdí. Bashiru fi ayùn gé e sí mẹ́ta. Inú ìtí rẹ̀ ti gbẹ, dúdú. Ó gbé e lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí ọgbà. Igi náà kú ní ọdún 2018. Ìwọ́ Anisah ti sọnù láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2010, wọn kò sì rí i.